Omi Inú Ilẹ̀ Dà bí Owó Àjọ

Àwọn ará wa tó ń tajà l'Ékòó mọ̀ pé àwọn kànga ẹ̀rọ kan wà ní Àpápá àti Lẹ́kí tí omi wọn níyọ̀. Omi dídùn ló lé lórí omi òkun nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá fà á ju òjò tó ń wọlẹ̀ lọ, tó fi wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, omi iyọ̀ lè gòkè tó 40.

Òkun jìnnà sí Òsí àti Ìlọfà. Tiwa, inú ibi tí àpáta ti sán lomi wà; gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí ló dé tí olúkúlùkù ń gbẹ́ tirẹ̀ sójú ìsun kan náà? Kí ẹgbẹ́ gbẹ́ ẹyọ kan fún àdúgbò, ká sì máa wọn omi rẹ̀ lóṣooṣù. Bí a bá ń gbà ju èyí tí a dá lọ, àpò á gbẹ.