Ẹ̀rọ Ìkópamọ́ fún Ọ́fíìsì: Ẹ̀dà Kejì Ló Yẹ Kó Ṣáájú

Ohun ìní tó ṣòro jù láti rọ́pò nínú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kéékèèké ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kì í ṣe jẹnẹrétọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Fáìlì ni. Ayàwòrán kò lè ní kí ọkọ àti ìyàwó tún ìgbéyàwó wọn ṣe nítorí pé dísíìkì bàjẹ́. Sọ́fíyọ̀ tó wọn ilẹ̀ ìdílé kan ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn yóò tún rí àwọn ọmọ ìdílé náà ní ọjọ́ tí ìjà ilẹ̀ bá dé. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú mọ̀ pé oníbàárà tó ṣe kàlẹ́ńdà lọ́dún tó kọjá yóò padà wá, yóò sì ní irú ti tẹ̀yìn yẹn náà ni kí wọ́n bá òun ṣe. Síbẹ̀, ibi tí gbogbo rẹ̀ ń sùn sí nínú ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò ju háàdì dísíìkì kan ṣoṣo tí wọ́n so mọ́ laptop ọ̀gá, tí ọmọ iṣẹ́ kan lè fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà rẹ̀ nígbàkígbà.

Òfin pàápàá ti dá sí i. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ka sísọ ìsọfúnni àwọn ènìyàn nù mọ́ ohun tí ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ jíhìn fún. Bí ìpàdánù náà bá lè kó àwọn tó ni ìsọfúnni sí ewu, wákàtí 72 péré ni ọ́fíìsì ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní NAS fi ń wọ ilé àti ọ́fíìsì. Àpótí kan ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Ó ní àyè fún dísíìkì méjì, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi wáyà so ó mọ́ router, gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà yóò sì lè kó fáìlì sínú rẹ̀. Synology àti QNAP wà lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Rírà á kò burú rárá. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrajà náà ni kò tọ̀nà: èwo ló tóbi jù, èwo ló yára jù? Bí àpótí náà bá jóná lálẹ́ òní, kí ni yóò kù lọ́la? Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń fi ọkàn àwọn olùrajà balẹ̀ jù ni ètò tí wọ́n ń pè ní RAID. Nínú èyí tó rọrùn jù, RAID 1, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sí dísíìkì kìíní ni ẹ̀rọ náà ń kọ sí èkejì, nítorí náà dísíìkì 4TB méjì yóò fún ọ́fíìsì ní àyè 4TB péré. Nínú RAID 5, dísíìkì 4TB mẹ́rin ń mú àyè 12TB wá, ọ̀kan nínú wọn sì lè kú láìsí pé fáìlì kankan sọnù. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ikú dísíìkì nìkan ni ó ń gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, ẹ̀rọ náà yóò pa á rẹ́ nínú dísíìkì méjèèjì lójú ẹsẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ní kó ṣe nìyẹn. Ìbejì tó ń sùn lórí ẹní kan náà ni àwọn dísíìkì wọ̀nyí: olè tó bá gbé ọ̀kan ti gbé èkejì, àgbàrá tó bá wọlé yóò bá àwọn méjèèjì nílẹ̀.

Àwọn jàǹdùkú orí ayélujára kò sì ka RAID sí. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn kan tí wọ́n ń jẹ́ DeadBolt bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì pa nínú àwọn àpótí QNAP tí àwọn tó ni wọ́n ṣí sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bitcoin 0.03 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ní ẹ̀dà mìíràn níbòmíràn lè kọtí ikún sí wọn. Ọ̀gá tó bá fẹ́ máa wo fáìlì ọ́fíìsì láti ilé, kí ó gba ojú VPN tó máa ń wà nínú àpótí náà fúnra rẹ̀; kí ó má ṣe ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ìta gbangba.

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí wọn kò kúkú kó gbogbo rẹ̀ sí Google Drive. Fún ìwé àdéhùn àti lẹ́tà, ìmọ̀ràn náà dára. Fún fídíò, kí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ ná. Bí iṣẹ́ ìgbéyàwó kan bá jẹ́ 200GB, tí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì sì ń gbé fáìlì jáde ní ìwọ̀n 5Mbps láìdáwọ́ dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọjọ́ mẹ́rin gbáko kó tó dé ọ̀hún. Ìgbéyàwó méjì kì í sì í pẹ́ tẹ̀ léra ní oṣù kejìlá. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024 ńkọ́, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já ní etíkun Ivory Coast? Báǹkì àti ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà wà lára àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì dá dúró mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì ń bá iṣẹ́ lọ ní tirẹ̀.

Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ló sọ òfin kan di mímọ̀ káàkiri: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìkópamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn. Kò yani lẹ́nu pé ayàwòrán ni. Fún ọ́fíìsì tí owó rẹ̀ tó àpótí onídísíìkì mẹ́rin, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ó ra onídísíìkì méjì, kí ó sì fi ìyókù ra háàdì dísíìkì ńlá méjì tí wọn yóò máa pààrọ̀: ọ̀kan nílé ọ̀gá, ọ̀kan ní ọ́fíìsì, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Kò dùn ún fi yangàn bí àpótí ńlá, ṣùgbọ́n iná kò lè jó ilé méjì ní àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà bí ó ṣe lè jó yàrá kan.

UPS náà kò ṣeé yọ sílẹ̀. Àárín ìgbà tí iná bá lọ sí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá dún ni fáìlì tó wà lẹ́nu kíkọ máa ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ UPS ní okùn USB tó lè fi tó NAS létí pé iná ti lọ, kí ó lè pa ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Àpótí kékeré náà kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Èyí tó ní dísíìkì méjì kì í sábà jẹ tó gílóòbù 60 watt àtijọ́, nítorí náà inverter lè gbé e. Ní ti dísíìkì, kí wọ́n má ra tòkunbọ̀, kí wọ́n sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó bá ní tuntun ni òun ń tà. Ní Jámánì pàápàá, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, dísíìkì Seagate tí wọ́n ti lò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí ni àwọn ènìyàn rà bí tuntun.

Èyí tó kù kò gba owó, òun ni wọn kì í sì í ṣe. Ní ọdún 1998, ẹnì kan ní Pixar pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tó ń pa fáìlì rẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù Toy Story 2 sì pòórá. Wọ́n sáré lọ síbi ẹ̀dà tí wọ́n tọ́jú, wọ́n rí i pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́. Galyn Susman tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ló ní ẹ̀dà kan nínú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Ọ́fíìsì kékeré kò nílò irú oríire bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù, kí wọ́n mú dísíìkì tó ti ilé ọ̀gá dé, kí wọ́n ṣí fáìlì àtijọ́ márùn-ún nínú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà àpótí náà sínú ìwé, kí wọ́n dì í sínú àpòòwé, kí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì tí ọ̀gá fọkàn tán, nítorí ọ̀gá lè wà ní ọsibítù ní ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀.