Ìtẹ́lọ́rùn Kì í Ṣe Aṣọ Ìbora Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti fìdí kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ibi tó ti wá: pé Kristẹni tó bá lóun ní ìtẹ́lọ́rùn ti gba kámú fún òṣì, pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù, pé Ọlọ́run ọlọ́rọ̀ kì í bímọ tí yóò máa gun ọ̀kadà. Irọ́ ni.

Ẹsẹ tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni Fílípì 4:13. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn dáńfó, wọ́n ń kọ ọ́ sára ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni pé ilé, mọ́tò àti físà ni Pọ́ọ̀lù ń sọ. Wọn kì í sábà ka ẹsẹ 11 àti 12. Inú ìdè ni ọkùnrin náà wà nígbà tó kọ lẹ́tà yẹn. Ohun tó ń wí ni pé òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yó, òun sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń febi sùn, tí ọkàn ò ní í dàrú. Agbára tó ní Kristi ń fún òun nìyẹn. Ó kọ́ ọ ni o. Wọn ò gbọ́wọ́ lé e lórí kó bọ́ sí i lára lóru ọjọ́ kan.

Ṣé ọ̀lẹ wá ni Pọ́ọ̀lù? Iṣẹ́ àgọ́ ló ń ṣe ní Kọ́ríńtì pẹ̀lú Àkúílà àti Pìrìsílà. Òun kan náà ló kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí ẹni tó kọ iṣẹ́ kọ oúnjẹ.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé ká wá dákẹ́ sórí ìyà ni? Rárá. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ lówó oṣù, kó bèèrè owó rẹ̀. Jákọ́bù 5:4 ní igbe owó ọ̀yà tí wọ́n fi ẹ̀tàn dù àwọn olùkórè ti dé etí Ọlọ́run. Pásítọ̀ tó bá ń fi ìtẹ́lọ́rùn pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́, ẹ̀yìn ọ̀gá ló wà.

Ẹ wá wo ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan, ẹgbẹ́ rẹ̀ mú léèsì fún ìkórè. Bí kò bá rà á, wọn á ní kò bẹ́gbẹ́ mu. Ó yáwó orí fóònù. Ọjọ́ pé, owó ò pé, ni ayánilówó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, títí dórí ti pásítọ̀, pé ajigbèsè ni. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà láyé àtijọ́ tiẹ̀ lójú àánú: ẹnu ọ̀nà ajigbèsè kan ṣoṣo ni wọ́n ń lóṣòó sí gba owó wọn.

“Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n,” làwọn àgbà wí. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀. Ẹni tó ń jí gbé ẹ̀wà kaná ni.

Nínú gbogbo ìpàdé àdúrà wa, ta ló ti gbọ́ kí wọ́n gba àdúrà Ágúrì inú Òwe 30, tó ní kí Ọlọ́run má fún òun ní òṣì, kó má sì fún òun ní ọrọ̀, kó ṣáà fún òun ní oúnjẹ tó tó òun? Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ ìjọ ní ìtẹ́lọ́rùn, kó fagi lé aṣọ ìkórè ọdún yìí. Kí kálukú wọ èyí tó wà nínú àpótí rẹ̀, kí ẹni tí owó léèsì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi san owó ilé-ìwé ọmọ opó.