Ibo Là Ń Lọ Lópin Ọdún? Èmi Fara Mọ́ Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ dìjà nípàdé wa tó kọjá ni mo fẹ́ dá sí. Ẹgbẹ́ fẹ́ lọ najú létí òkun lópin ọdún. Àwọn kan ní ká lọ síbi tí orin ti ń dún gan-an, àwọn kan ní ká sọdá sí Kútọnu, àwọn míì ní kí là ń wá létí òkun, ká kúkú fi owó náà ra aṣọ ẹgbẹ́. Èmi eléèlùbọ́ náà ní tèmi láti sọ.

Kí n kọ́kọ́ dá àwọn aláṣọ lóhùn. Aṣọ dáa, èmi náà fẹ́ràn aṣọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti sinmi ọjọ́ méjì gbáko rí, tí kì í ṣe pé ara ẹ̀ ò yá tàbí pé ó ń ṣòkú? Òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba líìfù, ọmọ iléèwé ń gba họlidé. Àwa ńkọ́? Aago márùn-ún ìdájí a ti wà lójú títì, alẹ́ ló ń lé wa wálé. Ara kì í ṣe òkúta. Aṣọ tá a bá rà, inú àpótí ló máa lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Bí ara bá wá kọṣẹ́, ta ni yóò wọ̀ ọ́? Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká lọ. Ibo wá ni?

Nígbà tá a wà lọ́mọge, Bar Beach ni gbogbo Èkó ń lọ. Òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ya wọ títì, títí wọ́n fi da iyanrìn dí i tí wọ́n sì ń kọ́ Eko Atlantic lé e lórí. Kuramo tó wà nítòsí ẹ̀ náà, ní August 2012 ni òkun ya wọ̀ ọ́, ó gbé ilé pákó, ó gbé èèyàn lọ. Ní 2024, ọ̀nà etíkun tí wọ́n ń là lọ sí Calabar gba apá kan Landmark Beach. Àwọn bíi Elegushi, àwọn ọ̀dọ́ ló mọ ìgbádùn ẹ̀: orin, ẹṣin àti ọtí. N ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ariwo tá à ń sá fún lọ́jà, ṣé òun náà la tún máa fowó lọ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ fẹsẹ̀ kan omi, Tarkwa Bay ló dáa jù ní Èkó. Òkúta ńláńlá tí wọ́n tò wọnú òkun lẹ́nu èbúté ló ń gba ìgbì, omi ibẹ̀ rọ̀. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Bí òjò àti ìjì bá ká wa mọ́bẹ̀ nírọ̀lẹ́, báwo la ṣe máa kó gbogbo ìyá wálé?

Ẹni tó ní ká lọ sílẹ̀ Benin náà ò purọ́. Etíkun yẹn gùn, igi àgbọn tò lọ rẹrẹ láti Kútọnu dé Ouidah, títí dé ọ̀dọ̀ Grand-Popo níbi tí odò Mono ti sún mọ́ òkun. Ní Ouidah, wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà gàgàrà kan sétí òkun ní 1995, ní ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba ibẹ̀ lọ. Nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin ni wọ́n fẹsẹ̀ rìn látinú ìlú. Ibi tó yẹ ká dé ni. Ṣùgbọ́n ẹnubodè Sèmè ńkọ́? Pásípọ́ọ̀tù, yẹ́lò káàdì, ká tún ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ títí oníkálukú á fi ṣe ìwé ẹ̀, ká má baà já ẹnì kankan sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní Àgbádárìgì. Kò sí ẹnubodè láàárín wa. Òótọ́ ni pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà yẹn ò kéré, ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi ní ká lo ọjọ́ méjì, ká sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ká wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845. Lọ́jọ́ kejì, ká wọ ọkọ̀ la ọ̀sà kọjá sí Gberefu. Omi ọ̀sà parọ́rọ́ ju òkun lọ, kò sì jìnnà, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má wọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn òkun. Atẹ́gùn ibẹ̀ nìkan tó oògùn.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni Vlekete. Ọjà ni. Ọjà bíi tiwa, àfi pé èèyàn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn tó ń mú àlejò kiri ìlú náà máa ń sọ pé ogójì èèyàn ni wọ́n ń fi gba agboòrùn kan. Agboòrùn o, irú èyí tá à ń ta sórí àtẹ wa! Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, n ò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń ná èèlùbọ́ látàárọ̀ dalẹ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ná ìyá ọlọ́mọ. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń tà tó ń rà débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì le. Òkun ò mọ ìyálọ́jà. Lọ́dún kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí etíkun kan, ó ní òun kàn fẹ́ fomi bọ́jú. Ìgbì gbá a lẹ́sẹ̀, ó fà á wọlé. Àwọn ọmọ apẹja tó ju okùn sí i ni Ọlọ́run lò. Ibi tí omi bá parọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì, ẹ má gbà á gbọ́: ibẹ̀ ni omi ń gbà padà sínú òkun. Bó bá gbé ẹnikẹ́ni, kó má bá a jà. Kó léfòó, kó gbọ́wọ́ sókè, kó pariwo. Bó bá mọ̀wẹ̀, kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó wà lókè, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí okùn ni kó jù sí i, kó má bẹ́ sómi tẹ̀lé e. Ìgbà ọyẹ́ ni ká lọ, torí ìgbì máa ń le nínú òjò. Omi ò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Owó ńkọ́? Igba náírà lójúmọ́, fún ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ ọjà, ọ̀kẹ́ mẹ́ta náírà (₦60,000) ni. Kí akápò máa gbà á lójoojúmọ́, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé lójú gbogbo wa. Ẹni tí ò bá lè dá gbogbo ẹ̀, ká fi ti ẹgbẹ́ kún un, ká má fi í sílé. Àwọn tí ara wọn nílò ìsinmi jù ni owó ń wọ́n jù.

Tèmi nìyẹn. Ẹni tó bá ní ibòmíì tó sàn jù, kó wá sọ ọ́ nípàdé, kó sọ bá a ṣe máa lọ àti bá a ṣe máa bọ̀ láyọ̀. Mo ṣe tán láti gbọ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ká jókòó sílé o.