Ẹ Má Fi "Ìka Ò Dọ́gba" Bo Òtítọ́ Mọ́lẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà bá ti délẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní ìka ò dọ́gba. Olówó ṣiṣẹ́, tálákà ya ọ̀lẹ, ó parí. Èmi ò gbà. Àwọn onímọ̀ físíìsì ti fi ìṣirò tú irọ́ yìí fó.

Ẹ fi ₦1,000 ta tẹ́tẹ́, kẹ́ ẹ máa ju owó ẹyọ sókè. Bẹ́ ẹ bá jẹ, ẹ gba 20 lórí 100 owó ọwọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá pàdánù, 17 lórí 100 ni yóò lọ. Ta ni kò ní ta á? Ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan, ₦1,000 di ₦1,200. Ẹ pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ó di ₦996. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pàdánù kẹ́ ẹ tó jẹ, ₦996 náà ni. Bẹ́ ẹ bá ń ta á lọ bẹ́ẹ̀, owó yín á máa rù.

Bruce Boghosian ti Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà ló fi èyí ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Scientific American lọ́dún 2019. Ó wá kó ọ̀pọ̀ èèyàn sínú ìṣirò náà, iye kan náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Méjì méjì ni wọ́n ń dòwò pọ̀, ìwọ̀n díẹ̀ nínú owó ẹni tí tirẹ̀ kéré ni wọ́n sì ń dù. Kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀, kò sí olè, kò sí ọlọ́pọlọ pípé. Síbẹ̀ ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo owó ń wọ́ lọ, nítorí àdánù tí olówó kò tilẹ̀ fura sí lè fa tálákà sẹ́yìn gan-an.

Vilfredo Pareto, tó ṣe ẹnjiníà ojú irin ní Ítálì, ti rí i ní ọ̀rúndún 19 pé ibi gbogbo ni owó ti ń ṣù jọ sọ́wọ́ àwọn díẹ̀. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní àdánidá ni, bí èérún afẹ́fẹ́ ṣe ń kọlu ara wọn. Irọ́ gbuu! Èérún afẹ́fẹ́ kò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwa ní. Bí iná bá ń ga tó ń relẹ̀, ẹnjiníà kì í káwọ́ gbera, sítébílásà ló ń so mọ́ ọn.

Boghosian náà so ó mọ́ ọn: ẹni tó ní ju ìpíndọ́gba lọ san owó orí díẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ kò tó o gbà á. Owó kò wọ́ lọ sọ́wọ́ ẹnìkan mọ́. Ó fi àǹfààní tí owó ń fún olówó kún un, ó fi gbèsè kún un, ìṣirò náà sì bá bí ọrọ̀ ṣe pín ní Amẹ́ríkà láti 1989 dé 2016 mu régí. Àǹfààní yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Báǹkì ń bẹ olówó kó wá yáwó. Aláta ń jẹ owó gbómúlélántà, ó ń san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ọjà tà, bí kò tà.

Lọ́dún 2006, Mauro Gallegati àti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta mìíràn bá àwọn onímọ̀ físíìsì tó ń ṣe irú ìṣirò yìí wí pé wọ́n gbàgbé pé èèyàn ń ṣiṣẹ́, ọrọ̀ sì ń pọ̀ sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ọrọ̀ pọ̀ kò sọ ẹni tí yóò kó o lọ. Ẹni tó ní owó orí lórí ọrọ̀ ńlá jẹ́ ìlara, tó ní ká fi ọjà sílẹ̀ fún ara rẹ̀, kó mú ìṣirò tirẹ̀ wá.