Ìlérí Olóṣèlú Lórí Epo àti Iná: Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́



Nígbà ìpolongo ìbò ọdún 2023, Bola Tinubu, Atiku Abubakar àti Peter Obi ta ko ara wọn lórí nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ pé àwọn yóò yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, ọjọ́ tí Tinubu gorí àlééfà, ó ní ó ti tán. Epo tí iye tí ìjọba fi lé e kò tó ₦200 lítà kan kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣètò ọkọ̀ tí ń lo gáàsì.

A kò sọ pé kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó ní ọkọ̀ márùn-ún ló ń jẹ nínú rẹ̀ ju ẹni tó ń wọ dánfó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé e wo. Ní 1979, ìjọba ṣòfin pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 1984, ilé-iṣẹ́ epo kankan kò gbọdọ̀ máa dáná sun gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde mọ́, àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ mínísítà. Ó ti lé ní ogójì ọdún, iná náà ṣì ń jó ní Niger Delta. Ó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ó ń dá kún ooru ayé. Gáàsì tó yẹ kó fún wa ní iná mànàmáná ń jó dànù, àwa ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Èyí tó kan mẹ̀kúnnù di ṣíṣe lọ́jọ́ kan. Èyí tó kan alágbára, ogójì ọdún kò tó o!

Ní Glasgow ní 2021, Ààrẹ Buhari ṣèlérí pé Nàìjíríà yóò bọ́ lọ́wọ́ èéfín tó ń mú ayé gbóná ní 2060. Ní 2022, omíyalé pa ènìyàn tó lé ní 600, ó sì lé èyí tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Nínú àwọn àgbààgbà tó ṣèlérí 2060, ta ni a ó rí bi léèrè lọ́jọ́ náà?

Suuratu Rum kọ́ wa pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló fa ìbàjẹ́ tó hàn lórí ilẹ̀ àti nínú omi. Àlùkùránì sì kọ́ wa pé a ó bi ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ léèrè ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tí àwa fi ń gba ìrẹsì, tí a ń pa ẹnu mọ́?

Bí olùdíje bá tún wá sí àsàlátù wa, kí a má kàn ṣe àdúà fún un. Kí a bi í pé: ọdún wo ni iná gáàsì yóò kú? Kí ni mẹ̀kúnnù yóò máa wọ̀ kí owó epo tó tún gòkè? Kí ọjọ́ tó bá dá sì bọ́ sínú ọdún mẹ́rin tó ń tọrọ. Ìlérí tó bá kọjá ibẹ̀, ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni.

Kí Ọlọ́run fún wa ní aṣáájú olódodo. Àmín.