Àga Wo Ló Dára Jù Nínú Bàálù Kékeré?

Ní kíláàsì wa, àwọn kan ní iwájú ló dára jù láti jókòó nínú bàálù, àwọn kan ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo sin Màmá Àgbà lọ sí Àbújá nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Embraer 145 la wọ̀ l'Ékòó, bàálù tí wọ́n ṣe ní Brazil. Èèyàn 50 ló ń gbà. Àga kọ̀ọ̀kan ló wà lápá òsì, méjì-méjì lápá ọ̀tún. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì wà lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ariwo pọ̀ sí. Ẹni tó bá bọ́ sí déédéé ìyẹ́, ìyẹ́ náà ló máa wò títí.

Mo sáré yan àga àdáwà lápá òsì: fèrèsé rèé, ọ̀nà rèé, kò sẹ́ni tó máa fi ìgúnpá gún mi. Mo fi Màmá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá ọ̀tún. Wọ́n fẹ́ lọ tọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó dí wọn lọ́nà ti sùn. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè rá kọjá, wọn ò sì fẹ́ jí i. Wọ́n mú un mọ́ra títí a fi balẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ká tó béèrè àga tó dára jù, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tá a jọ ń lọ ná. Àga àdáwà, arúgbó àti aláìlera ló yẹ. Àwa tẹ́sẹ̀ wa le, ká lọ sẹ́yìn.

Nígbà tí à ń bọ̀, Màmá ló jókòó síbẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ di mí létí, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀.