Iṣẹ́ Ọwọ́ Nínú Ilé: Mọ́ọ̀dù Rọ́bà fún Ọṣẹ àti Àbẹ́là

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ wa dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí obìnrin lè ṣe ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ọmọ bá sùn. Iṣẹ́ náà ni fífi rọ́bà sílíkóònù ṣe mọ́ọ̀dù, èyí tí a ó máa da ọṣẹ, àbẹ́là tàbí píóòpì sí. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni ó ti mọ ọṣẹ ṣe, ṣùgbọ́n ọṣẹ tí a fi ọ̀bẹ gé ní igun mẹ́rin kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò. Bí ọṣẹ obìnrin Ẹ̀pẹ́ bá jáde ní àwòrán ẹja, irú èyí tí a gbé ère rẹ̀ sí oríta ìlú wọn, oníbàárà yóò dá a mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ àjèjì ni. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 fi hàn pé àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dé góńgó. Ìda ni wọ́n fi ń ya àwòrán, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a fi iná yọ́ ìda náà dànù, wọn a sì da irin yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ère tó jáde, wọ́n ní láti fọ́ amọ̀ náà, nítorí náà mọ́ọ̀dù kan, ère kan ni. Sílíkóònù, tí orísun rẹ̀ jẹ́ yanrìn, máa ń rọ̀, ó sì ń ṣe é bó kúrò lára ohun tí ó dì mọ́. Ẹ ó lò ó lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó gbó.

Ohun èlò: rọ́bà sílíkóònù oníke méjì, òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì, ike tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, igi ìpòpọ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́ mú àwòrán rẹ̀. Oríṣi sílíkóònù méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí ó ń fi tíìnì dì kò wọ́n tó èkejì, ó sì dára fún àbẹ́là àti píóòpì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da ohun jíjẹ sí i láéláé. Èyí tí ó ń fi pilatínọ́ọ̀mù dì ni mo fẹ́ràn fún ọṣẹ. Àléébù tirẹ̀ ni pé imí ọjọ́ kò jẹ́ kí ó dì. Imí ọjọ́ yìí sì wà nínú amọ̀ ìmọ̀ǹkan mìíràn àti nínú ìbọ̀wọ́ tí a fi oje igi rọ́bà ṣe. Ìbọ̀wọ́ náílọ́ọ̀nù ni kí ẹ wọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ fi góòmù lẹ àwòrán náà mọ́ ìsàlẹ̀ ike, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 1 wà yí i ká. Bí ó bá jẹ́ igi, ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì kùn ún, kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi fasilín-ìn fẹ́ẹ́rẹ́ pa á.

2. Ẹ da omi sínú ike náà títí yóò fi bo àwòrán, kí ẹ wọn omi náà. Bí omi bá jẹ́ mìlílítà 100, rọ́bà tí yóò tó kò ju gíráàmù 120 lọ. Ẹ nu ohun gbogbo gbẹ pátápátá.

3. Ẹ wọn ike méjèèjì bí ìwé ara wọn ti wí. Òmíràn jẹ́ ọgbọọgba, òmíràn jẹ́ 10 sí 1. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni a ń fi ojú díwọ̀n, rọ́bà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán ìwọ̀nba díẹ̀ wò, kí owó yín má baà ṣòfò.

4. Ẹ rora pò ó, kí ẹ sì ha ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ike ìpòpọ̀. Ẹ máa dà á tín-ín-rín láti igun kan ṣoṣo, kí ó fúnra rẹ̀ ṣàn bo àwòrán, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ooru etí ọ̀sà wa máa ń mú kí ó tètè dì, nítorí náà òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù.

5. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ bó o, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Ẹ má ṣe ká a kò, ẹ má sì sá a sí oòrùn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹ má ṣe fi ìkòkò ọbẹ̀ yọ́ ìda, ẹ má sì gbé e ka iná ní tààrà. Inú omi gbígbóná ni kí ẹ gbé agolo rẹ̀ sí. Bí ìda bá gbiná, ẹ pa iná ìdáná, kí ẹ fi ọmọrí dé e, ẹ má ṣe bu omi sí i. Píóòpì pàápàá máa ń gbóná bí ó bá ń dì. Ní ọdún 2007, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan ki ọwọ́ bọ garawa píóòpì ní ilé-ìwé láti mú àwòrán ọwọ́ rẹ̀. Ó dì mọ́ ọn lọ́wọ́, ó jó o, ó sì pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìka rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín fi ọwọ́ ṣeré nínú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe rò pé ẹ lè fi mọ́ọ̀dù yìí ṣe ìkòkò álúmínì. Irin yẹn kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé dígíríì 660, nígbà tí sílíkóònù kò fara da ju nǹkan bí 200 lọ.

Ní ti owó, ẹ ka mọ́ọ̀dù mọ́ ohun tí ẹ ná. Ká ní ó gbà yín ní ₦12,000, tí ẹ sì rò pé yóò bí ọṣẹ 60, ₦200 ni kí ẹ fi kún iye owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ná yín. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ó ń gbàgbé èyí, tí wọn a sì máa rò pé àwọn ń jèrè nígbà tí wọ́n ń jẹ ojú owó. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àjọ NAFDAC ni ó ń ṣe àkóso ọṣẹ ìwẹ̀ tí a ń tà. Bí ọjà bá ti ń gbòòrò, ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá yín. Ẹni tí ẹ̀rù ìyẹn bá ń bà lè fi àbẹ́là bẹ̀rẹ̀.